Mèínù

Àpá iná ni Rauf kọ́kọ́ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ojú òsì Mọ̀nsúrát, ó sì wọ abẹ́ híjáàbù rẹ̀ lọ. Rauf ò wò ó ní ìwòkuwò, kò sì gbójú kúrò. Ó na káàdì iṣẹ́ sí i lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ táìlì n'Ígbẹsà, ó ní, "Mèínù, ẹ káàbọ̀."

Rauf ni ògbufọ̀ àwọn ọ̀gá Ṣáínà níbẹ̀.

"Kí ló ń jẹ́ mèínù?"

"Arẹwà obìnrin ni, lédè wọn."

Látìgbà tí iná ti jó Mọ̀nsúrát ní kékeré, "ìwà lẹwà" ni gbogbo èèyàn fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Àwa Yorùbá kúkú mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ fún èèyàn pé ojú ẹ̀ ò dáa. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè é lárẹwà nìyí.

Oṣù márùn-ún ni wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán, títí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára. Mọ̀nsúrát ní kó wá rí bàbá òun n'Ílo-Awẹ́là lọ́jọ́ Àìkú.

Nọ́ḿbà káàdì làwọn ọ̀gá fi ń pe òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n l'Ọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá tuntun kan ti Ṣáínà dé. Ó pe ìyá tó ń gbálẹ̀: "Mèínù!" Ó pe olóúnjẹ: "Mèínù!" Mọ̀nsúrát lọ bá Rauf.

"Rauf, ṣé gbogbo obìnrin ni mèínù?"

Rauf ò lè purọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò ó báyìí. Bá a ṣe ń pe ẹni tá ò mọ̀ ní àǹtí náà ni."

"O wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Má wulẹ̀ wá mọ́." Ó sunkún délé.

Lọ́jọ́ Àìkú, Rauf dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Mùsílíù, bàbá Mọ̀nsúrát. "Ó ní kí n má wá, sà. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ fún un ní Yorùbá."

Ó kọjú sí Mọ̀nsúrát. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo obìnrin ni mo ṣe pè ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mò ń fi èdè elédè bojú ni, torí ẹ̀rù ń bà mí. O rẹwà."

Bàbá náà mi orí. "Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ìwà lẹwà."

"Ẹ má bínú, sà," ni Rauf wí. "Ìwà ẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ni mò ń sọ."

Mọ̀nsúrát fa híjáàbù tó fi bo àpá náà sẹ́yìn.

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Bàbá nu omijé nù, ó sì béèrè ìgbà tí àwọn òbí Rauf máa wá.