Ìgbátí Tí Láàpútọ́ọ̀pù Hẹ́dímásítà Jẹ

Èmi nìkan lojú mi tó ọ̀rọ̀ yìí, láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ní Àrámọ̀kọ títí dọjọ́ tó parí sí Ìkòrò. Ẹni tó bá ní òun náà wà níbẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Bọ́lárìnwá ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá títì. Kò sí ẹ̀rọ tó kú ní gbogbo Èkìtì tí kò lè jí dìde. Lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹsidé kan, ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó gbá láàpútọ́ọ̀pù mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ẹwà rẹ̀ pọ̀ débi pé ọlọ́kadà ti dé Ẹ̀fọ̀n kó tó rántí pé òun ò gbowó. Bọ́lárìnwá fẹ́ sọ pé ẹ káàbọ̀, "ẹ káalẹ́" ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ilẹ̀ ti ṣú níbí ni?" ọmọbìnrin náà bi í.

Adérìnsọ́lá lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni ní Ìkòrò. Bàbá rẹ̀, hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìntì, ló ni ẹ̀rọ náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá ti ń kọ ìtàn gbogbo ìdílé tó wà nílùú sínú rẹ̀. Àmọ́ ó ti wá ń falẹ̀: ẹni tó tàn án láàárọ̀ lè lọ sóko, kó wa iṣu, kó gún un, kó jẹ ẹ́ tán, kò tíì ní ṣí. Olúwọlé, òṣìṣẹ́ káńsù tí bàbá fẹ́ kó fi ṣe ọkọ, ti ní fáírọ́ọ̀sì ni, òun máa wá pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Bọ́lárìnwá gbé etí lé e. Ó ń dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. Ó bi í bóyá ó já bọ́ rí. Adérìnsọ́lá ní rárá, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: tó bá ti ń falẹ̀, bàbá máa ń fọ́ ọ létí, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́.

Bọ́lárìnwá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé ohun kan bí àwo pẹlẹbẹ ló ń yí nínú háàdì, ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú ohun tí wọ́n bá kọ sí, ọwọ́ tín-ín-rín kan sì ń kà á. Ìgbátí ti ha àwo náà lára, ojú kan náà ni ọwọ́ yẹn ń kà nígbà ogún kó tó kọjá. Bí wọ́n bá pa inú rẹ̀ rẹ́, ìtàn ìlú ti lọ nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń kó o sínú háàdì tuntun díẹ̀díẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Adérìnsọ́lá ń gbé ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá lẹ́yìn iléèwé. Ó ní ẹ̀rọ lòun wá wò. Kò wo ẹ̀rọ.

"Ṣé ẹ̀rọ yìí ló ń falẹ̀, àbí ẹ̀yin lẹ ń fà á?" Adérìnsọ́lá bi í.

"Tó bá yá jù, ẹ ò ní wá lọ́la."

Lọ́jọ́ kẹta, Adérìnsọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bọ́lá mi, jọ̀ọ́, sọ fún Bàbá pé fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹni tó bá ní wọ́n ṣàṣìṣe, wọn kì í jẹ́ kó wọlé wọn mọ́."

Nígbà tó dé Ìkòrò ní Sátidé, Olúwọlé ti jókòó síbẹ̀. Bàbá tan ẹ̀rọ, kó tó wúkọ́ tán, ó ti ṣí. Ojú rẹ̀ dán bí àtùpà. Ó ní kí ló ti ń ṣe é?

Bọ́lárìnwá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ọwọ́ yín ni, sà. Ìgbátí ló ba háàdì jẹ́."

Adìẹ dákẹ́ láti Ìkòrò dé Ìjerò. Olúwọlé fò dìde, bàbá fọwọ́ dá a jókòó.

"Ṣé wọ́n rán ọ kó o sọ bẹ́ẹ̀ ni?"

"Rárá, sà. Wọ́n tiẹ̀ ní kí n purọ́. Àmọ́ tí mo bá purọ́, ẹ máa gbá tuntun náà."

Adérìnsọ́lá kúnlẹ̀. "Èmi ni mo ní kó purọ́, sà. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lé e."

"Tí mo bá lé e ńkọ́?"

"Màá tẹ̀ lé e, sà."

Bàbá wo àwọn méjèèjì fún ìgbà tó gùn tó ọdún kan. Ó ní ọdún méjìdínlógójì lòun fi kọ́ ọmọ níwèé, kò sí ẹni tó wo òun lójú sọ̀rọ̀ báyẹn rí. "Dìde, ọmọ mi. Wáá jókòó nínú ulé mi. Sọ fáwọn òbí rẹ pé mò ń retí wọn."

Olúwọlé wá bàtà rẹ̀. Nínú àgbàlá, Adérìnsọ́lá gbé orí lé èjìká Bọ́lárìnwá, ó sì pè é ní ọkọ mi. Àyà Bọ́lárìnwá yọ síwájú débi pé bọ́tìnnì méjì já lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ẹ̀yìn fèrèsé ni mo wà, ojú mi méjèèjì ló rí i. Gbà mí gbọ́ o. Gbà mí gbọ́ báyìí, kó tó di pé mo bínú.