Ìṣẹ́jú Kẹrin

"Malachi, kí ló ń ta pàràpàrà nínú orin dùùrù tó wà lórí fóònù ẹ yìí?" Tíṣà Akínladé, olórí ẹgbẹ́ akọrin, ló béèrè.

"Spíkà ni, sà," Malachi dáhùn. Kò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

Láti Ìgàngàn títí dé Ìdèrè, kò sí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ tó Malachi. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ nígbà ogójì lójúmọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, òun ló ń bá ìjọ wọn ní Èrúwà tọ́jú ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń lọ díje ní Ìgbó-Ọrà, orin kíláásíkà àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ni wọ́n máa kọ. Salome, ẹ̀gbọ́n Malachi, ló máa dá a kọ. Ẹni tó bá gba ipò kìíní, ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní Ìbàdàn máa gbà á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún kẹta rèé tí Salome ti ń yan gààrí pẹ̀lú ìyá wọn, tó ń wá ọ̀nà tó máa gbà kúrò nídìí iná.

Dùùrù ìjọ ti bàjẹ́, inú fóònù Malachi ni èyí tí Salome máa kọrin tẹ̀ lé ti máa wá. Tíṣà ra dátà fún un, ó kọ ibi tó ti máa wà á jáde sínú ìwé. "Fáìlì ńlá ni o. Má mú kékeré wá fún mi."

Bọ́ọ̀lù ni Malachi fi dátà wò, ó wò ó tán pátápátá. Ló bá gba Lánlátẹ̀ lọ, ní ṣọ́ọ̀bù Godwin tó máa ń kó orin sínú mẹ́mọ́rì fáwọn àgbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gba orin náà. Godwin máa ń gé lára ohùn orin dànù, á sì fún un pọ̀ bí ẹni ń fẹsẹ̀ ki ẹ̀gẹ́ bọ àpò, kí ẹgbẹ̀rún kan lè wọ mẹ́mọ́rì kan ṣoṣo. Àwọn tó ń gbọ́ ọ lóko kò kà á sí. Àmọ́ dùùrù òyìnbó ò gba bẹ́ẹ̀.

Malachi pààrọ̀ wáyà. Ó yá íápíìsì méjì tí wọ́n ń kì sétí. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ojú ihò fóònù. Pàràpàrà náà ń tẹ̀ lé e kiri. Ìgbà yẹn ló ti mọ̀ pé fáìlì ni. Ó wá fi áàpù kan sọ fáìlì kékeré náà di ńlá, ó ní ó ti di orígínà. Ariwo náà tóbi sí i ni. Ó tún fi áàpù mìíràn gbé ohùn sókè, ewúrẹ́ méjìlélógún sì sá kúrò ládùúgbò, wọn ò padà títí di ìrọ̀lẹ́.

Èyí tó burú jù ni ìṣẹ́jú kẹrin, níbi tí gbogbo ohùn dùùrù ti máa ń dìde pa pọ̀. Tó bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, orin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bíi páànù tí ìjì fẹ́ ṣí. Malachi á sì pa á.

"Jẹ́ kó dópin," Tíṣà á ní.

"Bátìrì ti lọ sílẹ̀, sà."

Malachi fúnra ẹ̀ ò tíì gbọ́ ìṣẹ́jú kẹrin náà rí. Tó bá jókòó ní kíláàsì, ó ń rò ó. Tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ bá ń dún, pàràpàrà náà ló ń gbọ́.

"Malachi, mi ò gbọ́ ibi tí mo ti máa wọlé," Salome sọ. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Sístà, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi kọ́ nìyí ni?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Tíṣà lọ yá spíkà tuntun lọ́wọ́ Bàbá Tàófíìk, aládùúgbò wọn. Wọ́n tan orin sí i. Pàràpàrà. Tíṣà yíjú sí Malachi.

"Spíkà tuntun rèé o. Ṣé kò sí nǹkan tó o fẹ́ sọ fún mi?"

Malachi fẹ́ sọ ọ́, ó wá tẹ̀ ba, ó di wáyà mú. "Wáyà ni, sà."

Ní Sátidé, ojú ọ̀run ṣú lórí gbọ̀ngàn Ìgbó-Ọrà. Salome bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ mú kí àwọn ọmọdé tó ń jẹ gúgúrú gbàgbé ẹnu wọn. Ìṣẹ́jú kìíní. Ìkejì. Ìkẹta. Malachi gbé ọwọ́ lé fóònù. Tó bá pa á, Salome ṣubú. Tó bá fi í sílẹ̀ ńkọ́?

Ìṣẹ́jú kẹrin dé, kò pa á, orin náà sì ya bí aṣọ. Salome ń dúró de ohùn tó máa fi wọlé, ohùn náà ti sọnù sínú ariwo. Ó wọlé níbi tí kò yẹ. Ó wojú àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ọmọbìnrin kan láti Ìdèrè, Peculiar, ni wọ́n mú fún ipò kìíní.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Malachi jẹ́wọ́ nílé Tíṣà. Tíṣà ò pariwo. "Ohun tí Godwin gé dànù, kò sí áàpù tó lè dá a padà. O kàn sọ àléébù rẹ̀ di ńlá ni. Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ Jímọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá la máa fi wa òmíràn jáde."

Ó sì wà á jáde lójú ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ni. Malachi gbé e délé, ó tan án. Ìṣẹ́jú kẹrin dé, ó mọ́ gaara, ohùn kan ṣoṣo kọ́kọ́ dìde, ó dúró, bí ẹni ń nawọ́ síni.

Salome dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun gààrí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ibi tó yẹ kí n ti wọlé nìyẹn," ó sọ jẹ́jẹ́. Ó yí padà, ó lọ sídìí iná gààrí.

Malachi ṣì ń fọ́nnu títí dòní, kò sẹ́ni tó lè wo ìyẹn sàn. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, ara ẹ̀ ló ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn, kó tó kan wáyà. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sọ òótọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Tó bá di Sátidé, ẹlòmíràn ló máa san gbèsè rẹ̀ fún yín.