Ẹṣin Ìyá Àgbà Dà?

Hilda jí láàárọ̀ Sátidé, ó sáré lọ kí ẹṣin Ìyá Àgbà.

Ẹṣin kò sí níbẹ̀! Ọkọ̀ dúdú kan ló dúró sí ilé ẹṣin. Ó ń dán yinrinyinrin.

"Ìyá Àgbà, Duke dà?"

"Duke ti darúgbó, ọmọ mi. Ó ti lọ sinmi lóko. Ọkọ̀ oníná la ó máa gùn báyìí."

Hilda wo iwájú ọkọ̀. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Ẹnu rẹ̀ dà? Kí ló ń jẹ?"

"Kì í jẹun. Tó bá ti di alẹ́, a ó ki okùn iná bọ̀ ọ́ nídìí."

"Nídìí kẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò yé Hilda rárá.

Wọ́n wọ inú ọkọ̀. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́yìn, níbi tí awakọ̀ ń jókòó sí, ó di ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ mú. Hilda jókòó síwájú, ó kọjú sí Ìyá Àgbà.

"Ìyá Àgbà, ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni màá máa lọ!"

Wùùùn. Ọkọ̀ rọra gbéra. Kò pariwo. Kò rú èéfín.

Háà! Muff nìyẹn lójú ọ̀nà!

Muff ni ológbò Hilda. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Orí bíríkì ojú ọ̀nà tí oòrùn ti mú gbóná ló máa ń sùn sí.

"Dúró, Duke! Dúró!" Ìyá Àgbà fa ọ̀pá sẹ́yìn bí ìjánu ẹṣin.

Ọkọ̀ ò gbọ́. Ó yà bàrà. Ó wọ inú òdòdó. Gbì!

"Yéè! Òdòdó mi!"

Muff ṣì ń sùn.

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. "Hilda, bí Muff ò bá lè yà fún ọkọ̀, a ó gbé e lọ sóko. N kò fẹ́ kí ọkọ̀ gbá a."

Omijé lé ròrò sójú Hilda. Ta ni yóò máa sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lálẹ́?

Hilda gbé Muff kúrò. Muff padà wá. Ó tún gbé e kúrò. Muff tún padà wá.

Ìyá Àgbà yí ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà, ó lu agogo rẹ̀. Gbangan! Gbangan! Muff yán.

Hilda pariwo, "Muff, dìde!" Muff na ẹsẹ̀ kan. Ó padà sùn.

Ọ̀rọ̀ náà tojú sú Hilda. Duke kì í lu agogo. Duke kì í pariwo. Báwo wá ni Muff ṣe máa ń mọ̀ pé Duke ń bọ̀?

Ó rò ó. Ó rò ó.

Ó padà wọ inú ọkọ̀, ó yọrí lójú fèrèsé. Ó fi ahọ́n lu òkè ẹnu.

Kò-kó! Kò-kó! Kò-kó!

Etí Muff nà ró ṣánṣán. Muff dìde! Ó rọra rìn kúrò lójú ọ̀nà, ó lọ jókòó sórí koríko.

Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gbẹ́ni Muff, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ ò lọ sóko mọ́!"

Wùùùn. Kò-kó! Kò-kó! Wọ́n jáde sí ìgboro Cleveland.

Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, aládùúgbò wọn, sáré jáde. Kárọ́ọ̀tì Duke wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin! Ẹṣin ọ̀hún dà?"

Ó wò yí ká. Ó họ orí.

Hilda na ọwọ́ jáde. Ó gba kárọ́ọ̀tì náà. Ó gé e jẹ. Kàrà!

"Ẹ ṣeun, sà," ni ẹṣin inú ọkọ̀ wí.