Ìwọ̀ Eegun tí Màrwà Fọ̀

"Ei, Adwoa, hwɛ! Wá wo nǹkan!"

Màrwà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí odò tó gba ẹ̀yìn Ayigya, àdúgbò wọn ní Kumasi, kọjá, níbi tí òjò àná ti wó amọ̀. Nǹkan kékeré kan tó tẹ̀ kọrọ yọrí nínú amọ̀ náà. Ìwọ̀ ẹja ni, eegun ni wọ́n sì fi gbẹ́ ẹ. Okùn dúdú kan tó ti gbó wé mọ́ ọrùn rẹ̀.

Adwoa, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sún mọ́ ọn. "Ti ayé àtijọ́ lèyí o. Jẹ́ ká pe Sir."

Gbogbo kíláàsì ló mọ òfin Ọ̀gbẹ́ni Kwabena, olùkọ́ ìtàn wọn: bí ẹ bá rí ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pè mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì ni Dókítà Ama, olùwádìí ohun àtijọ́ láti yunifásítì, ń bọ̀ wá mú ọmọ kan ṣoṣo tí yóò bá wọn walẹ̀ nígbà ìsinmi. Màrwà fẹ́ ipò yìí débi pé oúnjẹ kò wù ú mọ́.

"Ká pè é, kí ó wá di pé òun ló rí i?" Màrwà ti fi ìka tú u jáde. "Èmi ni màá fà á lé Dókítà lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Adwoa yí padà, ó kọrí sílé.

Ilé Hájíà Sàlíhà, ìyá bàbá rẹ̀, ni Màrwà ń gbé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kumasi ni màmá yìí, ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó kò sì ṣeé bá a ṣeré. Nílé rẹ̀, bí ọmọdé bá fẹ́ fún àgbà ní nǹkan, ìbáà ṣe ife omi, àfi kó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kó mọ́ tónítóní. Eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń fọ àwo idẹ rẹ̀ bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé. Òun náà ni Màrwà fi fọ ìwọ̀ náà. Ó fi kànìnkànìn bó okùn dúdú yẹn kúrò, omi sì gbé e lọ. Nígbà tí eegun náà funfun báláú, inú rẹ̀ dùn gan-an.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Dókítà Ama gba ìwọ̀ náà tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ẹ̀rín náà sì parẹ́.

"Ó mọ́ jù. Ojú ibi tí okùn wé mọ́ nìyí. Okùn náà ni à bá fi mọ ohun tí wọ́n fi ń pẹja nígbà yẹn, àti iye ọdún rẹ̀. Ṣé kò sí okùn lára rẹ̀ nígbà tó o rí i?"

Irọ́ ti dé ẹnu Màrwà. Ó wo Adwoa; Adwoa ń wo ilẹ̀. Ó rántí ohun tí Hájíà máa ń wí: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

"Okùn wà níbẹ̀, Mádàámù. Èmi ni mo fọ̀ ọ́ dànù. Adwoa ní ká pe Sir, èmi ni mi ò gbà." Ó bú sẹ́kún.

"Kí ló dé tó o fi fọ̀ ọ́?"

"Nílé wa, a kì í fi ohun ìdọ̀tí lé àgbà lọ́wọ́."

Dókítà Ama mí kanlẹ̀. "Ohun tó o pè ní ìdọ̀tí yẹn, òun ni apẹja náà fi sílẹ̀ fún wa. O ṣeun tó o sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n Adwoa ni yóò bá wa walẹ̀."

Ó dun Màrwà wọ eegun. Nígbà tó délé tó rò fún Hájíà, màmá náà mi orí. "Mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fọ nǹkan. Mi ò kọ́ ẹ pé kó o máa béèrè kó o tó fọ̀ ọ́."

Ìwọ̀ náà wà nínú àpótí onígíláàsì nílé ẹ̀kọ́ wọn báyìí. Ọ̀gbẹ́ni Kwabena ní kí Màrwà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ó kọ ọ́ báyìí: "Ìwọ̀ eegun. A kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Okùn wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo fọ̀ ọ́ dànù, nítorí pé mo ń kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Màrwà."