Ẹ̀jẹ̀ Tí Ó Ṣù Lórí Dígí

Káfíńtà kan sígbọnlẹ̀, ṣùgbọ́n bí obìnrin ayẹ̀jẹ̀wò kan nílé ìwòsàn ṣe fi abẹ́rẹ́ kàn án lápá, ó dákú. Ẹ̀jẹ̀ ni ó wá fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó lajú, ó béèrè bóyá ọ̀run ni òun wà. Obìnrin náà fèsì pé yàrá àyẹ̀wò ni, kí ó jọ̀wọ́ kúrò lórí ẹsẹ̀ òun. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti di tọkọtaya.

Oyún méjì bàjẹ́ tẹ̀léra. Ìyá ọkọ kò pariwo. Ó kàn ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò bára mu, kí ọmọ òun tètè wá ibòmíràn lọ.

Ìbànújẹ́ kì í jẹ́ kí ọ̀mọ̀wé rántí ìwé. Ayẹ̀jẹ̀wò, tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a lè fà sí ara ẹlòmíràn, po ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀ pọ̀ sórí dígí àyẹ̀wò. Ó ṣù, àmì pé wọn kò bára mu. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ẹrù rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ sọ ohun tí dígí fi hàn fún ọ̀gá rẹ̀, àgbà obìnrin kan, ó ní òun wá dágbére.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ló fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ sí ẹ lára? Ibi ọmọ ló pààlà ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ. Àlejò ni gbogbo oyún. Ìdajì rẹ̀, ti bàbá ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó ń lé àrùn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan nínú wọn á máa pẹ̀tù sí àwọn yòókù nínú, àwọn mìíràn á máa la ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ìyá ń gbà dé ibi ọmọ.”

Ayẹ̀jẹ̀wò béèrè ohun tí ó wá mú oyún méjì lọ. Ọ̀gá ní òun kò tíì mọ̀, àyẹ̀wò ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n dígí yẹn kò lè dáhùn rẹ̀.

Nígbà tí ayẹ̀jẹ̀wò padà délé, ó bá ọkọ àti ìyá ọkọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dúró ti àpò náà. Ó rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀, kò fi ìwà òmùgọ̀ tirẹ̀ pa mọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé ọkọ yóò jẹ́ kí ó lọ.

“Màámi,” ni káfíńtà wí, “bí ọmọ dé, bí kò dé, èmi ò lọ ibì kankan. Adúmáradán, ṣé o gbọ́?”

Ìyàwó mi orí pé òun gbọ́, ó nu omijé.

Ìyá kò gbà, kò sì jiyàn. Ó wo àwọn méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀, ó di àpò náà mú.

“Ìyàwó, ó mà wúwo o. Ṣé òkúta lo dì síbẹ̀ ni?”

Ó gbé e, ó sì kọjú sí yàrá wọn.