Ikú Wọ Sítọ́ọ̀ Ẹlẹ́wà

Bí ẹni tó sùn ni Ẹlẹ́wà rí nígbà tí wọ́n bá a lórí àpò ẹ̀wà. Kò sí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀, orí kò sì fọ́ ọ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ó ti tutù bí omi àmù.

Àbúrò rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn sítọ́ọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Kékeré bó tilẹ̀ ga ju gbogbo ilé lọ. Igbe rẹ̀ ló kó àdúgbò jọ.

Kí wọ́n tó sìnkú tán, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ti gbòde. Ṣé oyún ìyàwó Ẹlẹ́wà kọ́ ló wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Ṣé ọjà wọn kọ́ ló kú, tí àwọn tó máa ń yin ẹ̀wà ilẹ̀ wa wá ń ra ti òkèèrè nítorí kòkòrò? Ta ló sì ń jókòó ti ẹ̀wà náà láti àárọ̀ dalẹ́? Ìyá Alátẹ ni, àbúrò bàbá Ẹlẹ́wà àti Kékeré, opó tí kò bímọ, tí atẹ tó fi ń fẹ́ ẹ̀wà kì í kúrò lórí itan rẹ̀. Òwìwí kan tún ń bà sórí òrùlé sítọ́ọ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Kékeré fojú ara rẹ̀ rí i.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ọ̀rọ̀ bẹ́ jáde.

“Ìyá, kí ni ọkọ mi fi ṣe yín?” Opó Ẹlẹ́wà ló bi í bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ilé.

“Ọkọ rẹ tí mo gbé pọ̀n? Èmi ni mo tọ́ àwọn méjèèjì nígbà tí ìyá wọn kú.”

“Ẹyẹ yín ńkọ́?” Kékeré jágbe.

“Ẹyẹ tèmi? Eku ló ń wá. Ibi tí ẹ̀wà bá wà, ṣé eku ò ní wá ni? Kékeré, wò mí lójú.”

Kò wò ó. Atẹ rẹ̀ ló gbé sọ síta. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó sì gba ọ̀nà abúlé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ. Ẹnikẹ́ni kò sìn ín.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, obìnrin kan wá ra ọjà. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà ló ń ṣe sínú páálí, kì í sì í fọwọ́ kan ẹ̀wà òkèèrè. Ó bu ẹ̀wà sọ́wọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

“Ó mọ́ o! Kí lẹ fi lé kòkòrò lọ?”

Inú Kékeré dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ó gbé agolo oògùn oníhóró kan jáde. Obìnrin náà ka ẹ̀yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Ẹ̀yin kò ka èyí? Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sùn níbi tó bá wà. Èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn. Ìgbà wo lẹ fi sí i?”

“Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọjà ku ọ̀la. Ẹ̀gbọ́n mi wá sùn síbẹ̀ lálẹ́, kó lè tètè dé ọjà láàárọ̀…” Ó wo àwọn àpò ẹ̀wà. “Mi ò sọ fún un. Mo fẹ́ kó kàn rí òkú kòkòrò nílẹ̀, kínú ẹ̀ dùn.”

Obìnrin náà gbé agolo sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Kékeré lọ sí abúlé. Ó bá Ìyá Alátẹ lẹ́yìnkùlé, ó ń fẹ́ ẹ̀wà olówò mìíràn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì rò ó láìfi nǹkan kan pa mọ́.

Atẹ dúró. “Nítorí kòkòrò,” ìyá náà wí. “Ọmọ mi lọ nítorí kòkòrò.”

“Ìyá, ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé.”

“O ò mọ̀, mi ò sì ní pè ọ́ ní apànìyàn. Èmi náà ò mọ nǹkan kan, ẹ pè mí ní àjẹ́.” Ó fi ìṣẹ́tí aṣọ nu ojú. “Ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́?”

“Rárá.”

“Dìde. Lọ sọ ọ́ lójú agbo ibi tí o ti lé mi. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́.”

Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ ló sì fi rìn ín. Opó náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀ nígbà tó dé. Ó gbójú sókè.

“Ṣé oníbàárà lẹ wá lọ?”

“Ìyàwó wa,” Kékeré dáhùn, “pe gbogbo ilé jáde. Mo ti mọ ẹni tó pa ọkọ rẹ.”