Búrẹ́dì Tí Kò Wú

Bàbá oníbúrẹ́dì kò ṣàìsàn. Ó jókòó ti ààrò láàárọ̀ ọjọ́ tí bíríkìlà wá dá ọjọ́ ìgbéyàwó òun àti Sísì, ọmọbìnrin bàbá náà. Kí wọ́n tó yọ búrẹ́dì àkọ́kọ́, ó ti kú. Ẹyẹ kan sì ti ké lórí òrùlé lálẹ́ tó ṣáájú. Àwọn aládùúgbò ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, bí ẹni pé ẹni ọgọ́rin ọdún ṣì ń jẹ́ ọmọ.

Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ló máa ń fún ẹyẹ náà ní èérún búrẹ́dì. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n tí Sísì fi ń po fùláwà ló máa ń jókòó sí.

Sísì fẹ́ lọ. Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ò ní darúgbó sínú fùláwà. Ilé tí bíríkìlà ń kọ́ fún un nílùú tirẹ̀ ti dé òrùlé. Ṣùgbọ́n bí ìrìn àjò bá ti ku ọ̀la, ohun tó bá pò kì í wú. Àwọn oníbàárà á yarí, Sísì á tú ẹrù palẹ̀.

"Ta ni kí n fi ilé sílẹ̀ fún báyìí?" Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó nàka.

"Bọ̀ọ̀dá, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ìyá yìí ló so mí mọ́lẹ̀. Ẹ lé e, kí n ráyè lọ."

"Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni o," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń dáná ààrò wí.

"Ẹ̀gbọ́n tó pa àbúrò."

Ìyá Àgbà yíjú sí i. "Sísì, ojú mi ló fọ́, etí mi ò di. Lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan lò ń ki agolo bọ iyọ̀. Tí ìrìn àjò rẹ bá ku ọ̀la, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé o mọ̀ ni."

"Ẹ gbọ́? Ó ti ń ṣọ́ agolo mi."

Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá, tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé, nìkan ló bẹ̀bẹ̀. Inú òjò ni wọ́n ti ìyá náà sí. Sísì ju ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà. Sísì ní àjẹ́ kì í pẹ́ láyé tí àṣírí bá ti tú, ó sì sùn dáadáa.

Wọ́n tún dá ọjọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Sísì tilẹ̀kùn mọ́rí, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn, òun nìkan ló po fùláwà.

Kò wú.

Bíríkìlà tó wá mú un fìka tọ́ ọ wò, ó tutọ́ dànù. "Iyọ̀ ti pa ìwúkàrà inú ẹ̀. Ta ló wọlé?"

Kò sẹ́ni tó wọlé. Sísì wo agolo náà, ó sì rántí ọwọ́ ara rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Ó fojú inú rí ilé tuntun yẹn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní sọ pé láìsí Sísì ebi á pa wọ́n. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó gbé agolo sílẹ̀, ó dà á dé.

"Fi í sílẹ̀," ọkùnrin náà wí. "Ọkọ̀ ń dúró. Jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ jẹ́ kí n po òmíràn ná."

Bíríkìlà jáde, kò padà wá mọ́.

Níwájú ilé, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá wúkọ́. Sísì rọra yí ọrùn síbẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ìyàwó yín yìí, níbo lẹ ti rí i fẹ́?"